Nígbà Tí Ọwọ́ Òfin Bá Wúwo Ju Bí Ó Ti Yẹ Lọ

A ti ṣèlérí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá pé ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni a óò tún gbé yẹ̀wò ní ojú-ìwé yìí, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa tí kò jẹ́ kí ọkàn wa fara balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ owó. A bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí ti owó náà dúró di ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí a ti parí àdúrà nínú ilé wa ní Ẹgbẹ́dá, alàgbà kan nínú ìjọ wa kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí kì í wọ ilé ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó gbé àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́. Wọn kò tíì jókòó tán tí bàbá náà fi wí pé, "Olùkọ́, wọ́n ti lu ọmọ yín pa tán o." Àyà wa já. A bi í léèrè bóyá ọmọ náà kú. Ó ní rárá, ó wà láàyè, ó wà lórí ibùsùn nílé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan kò ṣí.

Ọmọ ọdún 23 ni ọmọkùnrin yìí, iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni ó sì ń kọ́ ní Ìkòtún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí Ìgàndó, nítorí ó fẹ́ fi fóònù oníbàárà kan lé e lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n bá fóònù mẹ́ta nínú àpò rẹ̀, wọ́n ní olè ni. Ó ṣàlàyé fún wọn, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n pe ọ̀gá òun. Ibi tí ó ti ń na ọwọ́ sí àpò láti mú nọ́ńbà ọ̀gá náà jáde ni ọ̀kan nínú wọn ti fi ìdí ìbọn gbá a lójú. Ó ṣubú. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn, lẹ́yìn èyí ni lílù gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. A kì yóò dárúkọ àgọ́ tí wọ́n mú un lọ, nítorí ọ̀ràn náà ń lọ síwájú adájọ́, kò sì tọ́ kí ìwé ìròyìn ṣáájú adájọ́ dé ibẹ̀. Ó tó agogo mọ́kànlá òru kí wọ́n tó fi í lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, lẹ́yìn tí bàbá náà ti san owó lábẹ́ ògiri tí a kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì.

Ìyá ọmọ náà tú àpò ọ̀rá tí ó gbé wá. Ẹ̀wù ni ó wà nínú rẹ̀, funfun, a ti fọ̀ ọ́, a ti lọ̀ ọ́, a sì ká a dáadáa bí ẹni pé ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni ó kún un. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní òru náà, nítorí n kò fẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ jí rí i." Àwa wo ẹ̀wù náà, a kò lè sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ ìyá ni ó fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni ó bá omi ọṣẹ lọ.

Bàbá náà wá sọ ohun tí ó bá wá. Ó ní ìyàwó òun fẹ́ kí àwọn lọ sí ilé-ẹjọ́, òun ní kí a fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kí a bá òun gba obìnrin náà níyànjú. "Àwọn àgbà kò ha ti wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí á ṣọ̀rẹ́?" Bẹ́ẹ̀ ni ó wí.

Bí ó bá ṣe pé ní ọdún 2017 ni ó bi wá ní ìbéèrè yìí, a mọ èsì tí à bá fún un, nítorí a ti fún ẹlòmíràn rí. Opó kan ni, ó ń ta ẹ̀wà sísè ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìdímù. Àwọn agbófinró wá mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní òru, wọ́n sì dá a ní apá kí wọ́n tó gbé e jáde kúrò nínú yàrá. Ní ọjọ́ kẹrin ni wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ṣi ẹni mú. Obìnrin náà tọ̀ wá wá pẹ̀lú omijé, ó ní kí a bá òun kọ ìwé. A gbàdúrà fún un, a sì sọ fún un pé kí ó máa dúpẹ́ pé ọmọ náà wà láàyè, kí ó fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Akọ̀wé ni wá. Ìwé kíkọ ni a fi ń jẹun láti ìgbà èwe wa. Síbẹ̀ a kò kọ ẹyọ ìlà kan fún un. Oníṣègùn egungun ni ó di apá náà, nítorí náà kò sí ìwé ilé ìwòsàn.

Nígbà tí ó di October 2020, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti jáde sí ìgboro nítorí ìwà àwọn ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kan kalẹ̀, wọ́n sì kéde pé kí ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ wọn bá ti bà rí mú ẹ̀sùn rẹ̀ wá. Opó yìí tún tọ̀ wá wá. Ó ní, "Olùkọ́, ṣé a lè kọ ọ́ wàyí?" A jókòó, a mú kálámù. Ọjọ́ wo ni ó ṣẹlẹ̀? Kò rántí dájú. Orúkọ ọlọ́pàá náà ńkọ́? Kò mọ̀ ọ́n. Ìwé dókítà? Kò sí. Ẹni tí ó gbé yàrá kejì tí ó gbọ́ igbe ọmọ náà ti kó lọ sí Ọ̀tà, kò sì sí ẹni tí ó mọ ilé rẹ̀. Obìnrin náà wo ìwé òfìfo tí ó wà níwájú wa, ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Ọpẹ́ tí ó dá yẹn kò tíì kúrò ní ọkàn wa títí di òní.

Nítorí náà a kò gba ìyá ọmọ náà níyànjú bí ọkọ rẹ̀ ti fẹ́. A rán alàgbà náà létí Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní ìlú Fílípì. A nà wọ́n ní gbangba láìdá wọn lẹ́jọ́, a sì sọ wọ́n sínú túbú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí àwọn onídàájọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa lọ ní jẹ́jẹ́, Pọ́ọ̀lù kọ̀. Ó ní kí àwọn tí ó ṣe é wá fúnra wọn kí wọ́n sìn wọ́n jáde. Ẹni tí ó kọrin ìyìn ní ọ̀gànjọ́ òru náà ni ó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ní ti òwe àwọn àgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá méjì tí ń jà sí ilẹ̀ bàbá wọn ni òwe náà bá wí. Ọlọ́pàá tí ó lu ọmọ wa kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa tẹ́lẹ̀ tí a óò fi máa bẹ̀rù pé ọ̀rẹ́ yóò bàjẹ́. Ìránṣẹ́ ìjọba ni. Owó tí gbogbo wa ń san ni a fi ra kóńdó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgbà tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Sájẹ́ńtì kan wà nínú ìjọ wa, ọkùnrin tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, a sì lọ bá a lẹ́yìn ìsìn. Ó sọ fún wa láìbò pé ojú kì í rí bákan náà ní òru. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹni tí kò bá tíì dúró ní títì Ìkòtún ní agogo méjì òru, láìmọ̀ bóyá ẹni tí ń bọ̀ ní ìbọn lábẹ́ aṣọ, kò lè mọ bí ọkàn ti ń lù." Ó sọ ti owó oṣù tí kò tó, ti ilé tí ó ń jò, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn adigunjalè yìnbọn pa. A gbọ́, a sì gbà á gbọ́. Nígbà tí ó ṣe, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá wí pé, "Ṣùgbọ́n bí a bá ti de ènìyàn tán, ẹ̀rù wo ni ó tún kù?"

Ọ̀rọ̀ tí sájẹ́ńtì yìí sọ ni àwọn agbẹjọ́rò máa ń fi odidi ọjọ́ jà lé lórí ní ilé-ẹjọ́. Òfin kò wí pé kí ọlọ́pàá má lo agbára rárá. Abala 33 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 gbà pé a lè lo ipá láti mú ẹni tí ó tọ́ láti mú, tàbí láti dá ẹni tí ó fẹ́ sá dúró, ṣùgbọ́n kìkì ìwọ̀n tí ọ̀ràn náà bá béèrè. Abala 34 ní kí a má ṣe dá ẹnikẹ́ni lóró, kí a má sì ṣe tàbùkù ènìyàn. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìhà gúúsù ilẹ̀ wa ti ń lò láti 1916 pàápàá sọ ọ́ yékéyéké pé ẹni tí òfin fún ní agbára yóò jẹ̀bi gbogbo èyí tí ó bá fi kún un. Nítorí náà kì í ṣe kìkì pé "ṣé ó lù ú?" ni adájọ́ ń wádìí. Ó ń wádìí ohun tí ọmọ náà ń ṣe ní ìṣẹ́jú tí a lù ú: ṣé ó ń jà ni, ṣé ó ń sá lọ ni, àbí a ti dè é mọ́lẹ̀? Bí ìwé dókítà bá fi hàn pé ọgbẹ́ wà ní àtàrí àti ní ẹ̀yìn, tí àpá irin sì wà ní ọrùn ọwọ́ méjèèjì, ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn.

Àwọn òfin mìíràn wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Láàárín wákàtí 24 ó yẹ kí a fi ìwé sọ fún ẹni tí a mú, ní èdè tí ó gbọ́, ìdí tí a fi mú un. Níbi tí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni òfin fún ọlọ́pàá láti gbé e dé ibẹ̀. Kò sì sí ibì kan ní Alímọ̀ṣọ́ tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí Ìkẹjà. Ẹni tí a bá mú lọ́nà àìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti sí ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Òfin tí ó lòdì sí dídá ènìyàn lóró, èyí tí a ṣe ní 2017, fún ẹni tí a mú láṣẹ láti béèrè pé kí dókítà tí òun fúnra rẹ̀ yàn yẹ òun wò, ó sì lè rán adánilóró lọ sí ẹ̀wọ̀n títí dé ọdún 25. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò gba kí a mú ìyá dípò ọmọ tàbí àbúrò dípò ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò gba kí a máa de ènìyàn láìnídìí.

Ní ti bí a ti ń dé iwájú adájọ́, ìlànà tí Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè yìí gbé kalẹ̀ ní 2009 mú un rọrùn ju ti àtijọ́ lọ. Lábẹ́ ìlànà ti 1979, ẹni tí oṣù 12 bá ti kọjá lórí ọ̀ràn rẹ̀ ti pẹ́ jù. Nísinsin yìí kò sí gbèdéke ọjọ́. Ìwé ìbúra ni olúkúlùkù fi ń rojọ́, a óò sì so ẹ̀rí mọ́ ọn. Ìwé náà wí pé kí a gbọ́ ẹjọ́ láàárín ọjọ́ méje tí a bá pè é. A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ, ọjọ́ méje inú ìwé máa ń gùn ju ọjọ́ méje ti orí ògiri lọ. Ohun tí ó dùn wá jùlọ ni pé opó oníẹ̀wà nì kò pẹ́ jù lójú òfin. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un ní 2020, ó ṣí sílẹ̀ fún un lónìí pẹ̀lú. Ohun tí yóò mú wọlé ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Sájẹ́ńtì wa sọ ohun mìíràn tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní kò sí ìbọn tí ń jáde ní àgọ́ tí a kì í buwọ́ lù, pẹ̀lú iye ọta tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí rán wa létí ẹjọ́ agbẹjọ́rò obìnrin nì, Ọmọ́bọ́láńlé Raheem, ẹni tí ọlọ́pàá kan yìnbọn fún ní Ajáh ní ọjọ́ Kérésìmesì 2022, tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ jọ wà nínú ọkọ̀, tí oyún sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀ràn náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Èkó, àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ ẹni náà wà lára àwọn tí ó jẹ́rìí, ìwé ìkà ọta sì wà lára ohun tí a gbé yẹ̀wò. Ní 9 October 2023 ni adájọ́ dá a lẹ́bi ìpànìyàn, ó sì dá ẹjọ́ ikú fún un. A kò sọ èyí láti yọ̀ nítorí ikú ẹnikẹ́ni. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ìwé tí àwọn ọlọ́pàá fi ọwọ́ ara wọn kọ lè sọ òtítọ́ nípa ọlọ́pàá.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kà wá lè rò pé ilẹ̀kùn yìí ti ṣí láti ayébáyé. Rárá o. Ní 18 February 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní ọ̀nà Agége, wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, láti ojú fèrèsé. Ọmọ ogun ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan náà ni: ìránṣẹ́ ìjọba tí ó kọjá ààyè rẹ̀. Ìyá náà kú ní April 1978. Àwọn ẹbí gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́, ọ̀ràn náà sì rìn títí ó fi dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní 1985. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a pé, gẹ́gẹ́ bí òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, a kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí irú àìdára bẹ́ẹ̀ tí ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ìwé òfin 1979 ni ó fòpin sí i, ohun tí a ń rojọ́ lé lórí sì ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú. Ẹbí náà ní ẹlẹ́rìí, wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní agbẹjọ́rò, gbogbo ayé sì ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Síbẹ̀ wọ́n padà sílé ní ọwọ́ òfo. Lónìí òfin ti ṣí sílẹ̀, àwa ni a kì í ní ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìgbìmọ̀ ti 2020. Adájọ́ Doris Okuwobi, ẹni tí ó ti fẹ̀yìntì, ni ó ṣe alága rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ẹjọ́ ní òpin October ní Lẹ́kí, wọ́n sì fi àbọ̀ ìwádìí wọn jíṣẹ́ ní 15 November 2021. Ìwé ẹ̀sùn 235 ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nǹkan bí 70 ènìyàn ni ó gba owó gbà-má-bínú, àpapọ̀ rẹ̀ sì lé ní 400 mílíọ̀nù náírà. Ẹ fi ojú ara yín wo àlàfo tí ó wà láàárín 235 àti 70. A kò wí pé irọ́ ni àwọn ìyókù pa. Àwọn kan kò ráyè dé iwájú ìgbìmọ̀ kí àkókò tó tán, àwọn kan kò sì rí ohun tí wọn yóò fi gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí ìwé wọn kò dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ rárá, àwa sì mọ ọ̀kan nínú wọn.

Ní oṣù kan náà ni àwọn ènìyàn fi ìbínú dáná sun ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ní Èkó, ti Ìkòtún àti ti Ìgàndó sì wà lára wọn. A mọ ohun tí ó bí ìbínú náà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i, ẹ̀yin ará: bí àgọ́ bá jóná, ìwé tí a kọ orúkọ àwọn tí a mú sí ńkọ́? Ìwé tí ọlọ́pàá buwọ́ lù nígbà tí ó gba ìbọn ńkọ́? Ẹni tí ó ju iná sí i lè ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ní.

Nítorí ìwé máa ń sọ̀rọ̀, àní lẹ́yìn ikú. Ọmọ Èkó kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Oluwale. Ní 1949 ó fi ara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń gbé ní ìlú Leeds, níbi tí àìsàn ọpọlọ àti àìrílégbé ti bá a. Àwọn ọlọ́pàá méjì sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń lù ní òru. Ní May 1969 a bá òkú rẹ̀ nínú odò Aire. A sin ín, ọ̀rọ̀ sì parí, tàbí bí ẹni pé ó parí, títí ọmọdékùnrin kan tí ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá fi sọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a tú àwọn ìwé àgọ́, a rí i pé ní àyè tí a ti ń kọ orílẹ̀-èdè ènìyàn, èébú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú ni a kọ fún un. Ní November 1971 a gbé àwọn méjèèjì wá sí ilé-ẹjọ́. Adájọ́ ní kí a dá wọn sílẹ̀ ní ti ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ̀bi lílù tí wọ́n lù ú. Ọ̀kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, èkejì oṣù 27. Kò ní ìyá tàbí bàbá nítòsí tí yóò pe ẹjọ́ fún un.

Olaseni Lewis ní àwọn òbí tirẹ̀, ọmọ ọdún 23 ni, ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú ọmọ alàgbà wa. Ní 2010 ara rẹ̀ kò dá, àwọn ẹbí rẹ̀ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọlọ́pàá 11 ni ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Kò tún jí mọ́. Ọdún méje gbáko ni bàbá àti ìyá rẹ̀ fi ń ti ilẹ̀kùn kan dé òmíràn. Ní 2017 àwọn ará ìlú tí a yàn láti bá ilé-ẹjọ́ wádìí ikú náà wí pé agbára tí a lò fún un ti pọ̀ jù. A kò dá ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà lẹ́bi lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ìyẹn sì korò. Ṣùgbọ́n ní 2018 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà ṣe òfin kan tí àwọn ènìyàn ń fi orúkọ ọmọ náà pè: pé kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá lo ipá fún aláìsàn irú èyí, kí ọlọ́pàá tí a bá sì pè wá síbẹ̀ gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sí àyà.

A sọ gbogbo èyí fún alàgbà náà, àwọn kan ní ọjọ́ náà, àwọn kan lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ní òwúrọ̀ yẹn ni pé a gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgàndó. Ní ẹnu ọ̀nà ni bàbá rẹ̀ ti rọra sọ fún un pé kí ó sọ fún dókítà pé ó ṣubú ni. A dá wọn dúró lójú ẹsẹ̀. Ìtìjú ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ilé sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì mọ̀ pé ohun tí aláìsàn bá sọ ni dókítà yóò kọ, àti pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà agbẹjọ́rò ìjọba yóò ka ọ̀rọ̀ náà sókè ní ilé-ẹjọ́ pé, "Ẹ wò ó, ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ pé òun ṣubú." Ọmọ náà sọ òtítọ́. Dókítà kọ ọ́. A ya àwòrán ojú rẹ̀ ní ọjọ́ náà, a sì tún yà á ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí àpá ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú ju ti ìṣáájú lọ. A fún un ní ìwé àti kálámù, ó sì jókòó kọ ohun gbogbo láti ìgbà tí ó ti wọ ọkọ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé, àti kí àwa àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ sí rán an létí ohun tí kò rí. Ọ̀gá rẹ̀ lọ wá kọndọ́kítọ̀ ọkọ̀ náà rí ní Ìkòtún; ó ní òun yóò jẹ́rìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á.

Nígbà tí a bi bàbá náà bóyá ìwé kan wà tí ó fi hàn pé ó san owó ní òru, ó ní wọn kò fún òun ní ìwé. Ó wá rántí. Kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní òru náà, ọ̀dọ̀ obìnrin oní-POS tí ó wà ní òdìkejì títì àgọ́ ni ó ti gba owó. Ó na ọwọ́ sí àpò agbádá rẹ̀, ó sì fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ, ó ti rún, ṣùgbọ́n a ṣì lè kà á: iye owó, ọjọ́, àti wákàtí, agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 41. Inú wa dùn sí ìwé wẹ́wẹ́ yẹn bí ẹni pé owó ni.

Ọmọ náà kò fẹ́. Ó yẹ kí a sọ èyí pẹ̀lú. Ó ní òun ń gba ọ̀nà náà kọjá lójoojúmọ́, àwọn ọlọ́pàá náà sì mọ ojú òun. A kò rí èsì tí ó dára fún un, nítorí kò sí ìwé òfin tí ó lè bá a wọ ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ ni ó dá a lóhùn. Ó ní òun yóò máa bá a lọ sí Ìkòtún ní àárọ̀, òun yóò sì máa lọ mú un wálé. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Bàbá rẹ̀ pàápàá, ẹni tí ó wá kí a bá òun pẹ̀tù sí ìyàwó, ni ó kó gbogbo ìwé náà sínú fáìlì kan tí ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ń gbèjà àwọn tí kò lówó. Agbẹjọ́rò obìnrin kan ni ó gbà á. Ó ka ìwé dókítà, ó wo àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì béèrè aṣọ tí ọmọ náà wọ̀. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí sọkún. Ó ní òun ti fọ̀ ọ́, òun kò mọ̀. Ó tú u jáde nínú àpò ọ̀rá náà. Agbẹjọ́rò tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó yí ọrùn rẹ̀ padà, ó sì rí àbàwọ́n pupa ráńpẹ́ kan nínú okùn ìránṣọ níbi tí ọṣẹ kò dé. Ó ní kí wọ́n má ṣe tún fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n sì gbé e wá bẹ́ẹ̀.